Bàbá Mi Bá Mi Ṣe Íńtáfíù

Ní etí omi tiwa, tí wọ́n bá fẹ́ bú ọmọ kan dáadáa, wọn kì í pè é ní ọ̀lẹ. Ọ̀lẹ ṣì ní ìrètí. Wọ́n á kàn ní, "Ó ń tẹ kọ̀ǹpútà." Èmi ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún.

Mo fi yunifásítì sílẹ̀ ní ọdún kejì. Àwọn èèyàn rò pé owó ló tán, wọ́n ń káàánú mi, mi ò sì dá wọn lẹ́kun. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo rò pé mo gbọ́n ju àwọn olùkọ́ lọ. Mo ti wo fídíò lórí fóònù nípa àwọn ọmọ òyìnbó tó fi ilé ìwé sílẹ̀ tí wọ́n di olówó. Kò sí fídíò kankan nípa àwọn tó fi í sílẹ̀ tí wọ́n padà sílé ìyá wọn lọ jẹ púpurú. Àwọn yẹn ò ní dátà tí wọ́n á fi gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ìsàlẹ̀ Òde Ugbò ni ilé wa wà, lórí òpó, níbi tí òkun ti ń wá kí wa lọ́dọọdún láìjẹ́ pé ẹnì kan pè é. Pákó ni ilẹ̀ ilé, pákó náà ni ọ̀nà tó ti ilé kan dé òmíràn. Orí pákó yẹn ni mo máa ń jókòó sí láti àárọ̀, ẹsẹ̀ mi á máa fì lókè omi bíi ti ọmọ kékeré, láptọ́ọ̀pù àlòkù á wà lórí itan mi, tí àwọn lẹ́tà ojú ẹ̀ ti pa rẹ́. Àwọn obìnrin tó ń lọ sá ẹja á kọjá, wọ́n á ní, "Ẹ kú ìjókòó o." Ìkíni kan wà tó jẹ́ èébú. Ìyẹn wà lára ẹ̀.

Bàbá mi nìkan ni kì í bú mi. Ó ní sùúrù fún mi bí èèyàn ṣe ń ní sùúrù fún ẹja tó ti wọ àwọ̀n tí kò tíì mọ̀.

Apẹja ni. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi tó máa ń bá a lọ sójú omi ti lọ, ọ̀kan ń jó irin ní Pọtakọ́ọ̀tù, ìkejì wọ iṣẹ́ ológun. Èmi nìkan ló kù, apá ọ̀tún bàbá mi sì ti ń kọ iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan tó ń tún àwọ̀n ṣe, ó sọ ọ́ láìgbójú sókè:

"Títí òjò ọdún yìí á fi dá ni mo fún ẹ. Bí kọ̀ǹpútà yẹn bá fún ẹ níṣẹ́, máa lọ, mo súre fún ẹ. Bí kò bá fún ẹ, o ó wọ ọkọ̀ mi, a ò sì ní sọ ọ́ mọ́."

"Ẹ ṣé, bàbá."

"Má dúpẹ́. Mi ò tíì ṣe nǹkan kan fún ẹ."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wáṣẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́n omi nínú ọkọ̀ tó ti lu. Iléeṣẹ́ tí mo mọ̀, mo kọ̀wé sí i. Èyí tí mi ò mọ̀, mo kọ̀wé sí i. Àwọn kan fèsì pé àwọn á fèsì. Àfi ìgbà tí ọ̀kan nínú àwọn ńlá ńlá yẹn, èyí tí màmá mi pàápàá mọ orúkọ ẹ̀ nítorí pé ó máa ń hàn tó bá tan fóònù ẹ̀, fi ìdánwò ránṣẹ́ sí mi. Mo ṣe é. Mo yege. Wọ́n ní ó ku íńtáfíù, pé a ó ríra lójú fídíò, kí n kọ kóòdù níṣojú wọn.

Màmá mi ò dúró. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó ti dìde jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní iléeṣẹ́ òyìnbó ti mú ọmọ òun. Ìjọ ṣe àmín, wọ́n lu ìlù, wọ́n jó, ẹnì kan tilẹ̀ subú. Nígbà tá a délé mo ní, "Màámi, wọn ò tíì mú mi o. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wò mí ni."

"Ọma mi," ó ní, "ta ló máa wò ẹ́ tí kò ní mú ẹ?"

Gbogbo àwọn tó ti wò mí rí ló sáré wá sí mi lọ́kàn. 

Ètò mi ni pé màá lọ ṣe íńtáfíù yẹn ní Ìgbọ́kọ̀dá, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti máa ń hùwà bí ẹni tó lẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà, ewéko orí omi ti bo ọ̀nà odò pátápátá. Ó tẹ́ bí ẹní, àwọn ẹyẹ ń rìn lórí ẹ̀ bí onílé. Ọlọ́kọ̀ èrò ní òun ò lọ, pé ewé yẹn á wé mọ́ ẹ́ńjìnnì òun. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní íńtáfíù ni.

"Ṣé íńtáfíù ló máa bá mi tú ewé?" ó bi mí.

Mo padà sórí pákó. Kóòtù ẹ̀gbọ́n mi ló wà lọ́rùn mi, táì sì fún mi lọ́fun. Mo dúró síbẹ̀ bí òkú tí wọ́n ti wọṣọ fún tán tí pósí ò tíì dé.

Bàbá mi wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ta ló kú?"

"Íńtáfíù ni, bàbá. Ọkọ̀ ò lọ."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ẹnu. Ó ronú. "Mo mọ ibi tí nẹ́tíwọ̀kì wà."

Gbogbo apẹja ló mọ ibẹ̀. Ẹnu ibi tí odò ti ń já sókun ni, ó kojú sí òpó nẹ́tíwọ̀kì tààrà, kò sí igi kankan láàárín, iyọ̀ òkun ò sì jẹ́ kí ewéko dé ibẹ̀. Tí wọ́n bá ti pẹja tán, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń dúró pe àwọn ìyá tó ń rà á, kí wọ́n wá pàdé wọn ní èbúté. Nẹ́tíwọ̀kì ibẹ̀ mọ́ bí omi mímu. Ọ̀ràn kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ilẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò rí i kí bàbá mi fi òwúrọ̀ iṣẹ́ ṣòfò nítorí mi rí. Ó yẹ kó fu mí lára. Ṣùgbọ́n orí tó gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fi yunifásítì sílẹ̀, òun náà ló ṣì wà lọ́rùn mi. Mo wọ ọkọ̀.

Nígbà tá a débẹ̀, ó ri ọ̀pá gígùn mọ́lẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó so ọkọ̀ mọ́ ọn, ó sì di ọ̀pá náà mú kí ọkọ̀ má bàa máa yí. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Mo dojú agbọ̀n ẹja dé, mo gbé láptọ́ọ̀pù lé e, mo tan fóònù tó ń fún un ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo wá lo àrékérekè kan tí mo gbọ́n dé ìdí ẹ̀: mo fi àwòrán ọ́fíìsì bo ẹ̀yìn mi. Ẹni tó bá wò mí lójú fídíò á rí pẹpẹ ìwé tó lọ jàra, òdòdó nínú ìkòkò, àti fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé. Òórùn ẹja ò sí nínú fídíò, mo dúpẹ́.

Ó ku ohun kan tó yẹ kí n ti rò kí n tó gbà láti ṣe é nínú ọkọ̀ bàbá mi. Nínú ọkọ̀ yẹn, iṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ kì í pàdé. Tí àwọ̀n bá ti ń lọ sómi, ẹnikẹ́ni kì í la ẹnu. Wọ́n ní ẹja máa ń gbọ́. Wọ́n tún ní ẹni tó bá sọ ohun tó fẹ́ ṣe ti fi tó omi létí, omi á sì lọ múra dè é. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n mú mi lọ, mo bi bàbá mi pé, "Bàbá, ẹja mélòó la máa pa?" Ìdí àjẹ̀ ló fi dá mi lóhùn, ní àárín orí. Láti ọjọ́ yẹn, nílé, mo lè sọ̀rọ̀ bíi rédíò. Ṣùgbọ́n tí ìdí mi bá ti kan pákó ọkọ̀, tí ọwọ́ mi sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹnu mi á tì. Mi ò ní kó tì. Ó kàn máa ń tì ni.

Èèyàn méjì yọ lójú kọ̀ǹpútà. Obìnrin òyìnbó kan tó ń rẹ́rìn-ín láìsinmi, àti ọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n tí gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ti lọ sókè òkun ṣáájú ẹ̀. Wọ́n kí mi. Mo kí wọn. Wọ́n ní kí n sọ nípa ara mi. Ọwọ́ mi ò tíì ṣe nǹkan kan, nítorí náà ẹnu mi ṣí dáadáa, mo purọ́ fún wọn bó ṣe yẹ.

"Ọ́fíìsì rẹ dára o," obìnrin náà wí.

"Ẹ ṣé, mà," mo ní. Bàbá mi tutọ́ sómi.

Ìbéèrè wá dé. Wọ́n ya àwọn àpótí kéékèèké sójú kọ̀ǹpútà bí ojú àwọ̀n. Àwọn kan ṣí, àwọn kan dí. Kí n kọ kóòdù tó máa wá ọ̀nà tó kúrú jù láti igun kan dé igun kejì, láìgba inú èyí tó dí. Ẹ gbà mí gbọ́, bóyá nǹkan kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé, òun gan-an ni wọ́n bi mí. Inú mi dùn débi pé mi ò gbọ́ ìdajì ohun tí obìnrin náà sọ tẹ̀ lé e: "Ohun tó ṣe pàtàkì sí wa ni bí o ṣe ń ronú. Máa sọ ọ́ síta bó o ṣe ń ṣe é."

Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

"Kí lò ń rò báyìí?" ó bi mí nígbà tó ṣe díẹ̀.

Mo mi orí sí i. Mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ.

"Ṣé o ń gbọ́ wa?"

"Mo ń gbọ́ yín."

"Ó dáa. Kí lo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀?"

Mo la ẹnu. Ọlọ́run ló ń jẹ́rìí mi, mo la ẹnu. Bàbá mi jókòó síwájú mi, ó di ọ̀pá mú, ó ń wo omi, ètè ẹ̀ lẹ̀ mọ́ra. Mo pa ẹnu dé.

"Mo ń rò ó," mo ní.

"Kí lò ń rò?"

"Òun náà."

Ọkùnrin yẹn kọ nǹkan sílẹ̀. Obìnrin náà ṣì ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ti kúrò níbi ẹ̀rín. Èmi ń tẹ̀ ẹ́ lọ ní tèmi, kóòdù mi ń dùn bí orin, mo tilẹ̀ ń yangàn lọ́kàn. Mo rò pé wọ́n dákẹ́ nítorí pé ẹnu ń yà wọ́n.

Ni ọkọ̀ ayára kan bá sáré kọjá lápá òsì wa. Tí irú ẹ̀ bá kọjá, ìgbì á tẹ̀ lé e, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kékeré ò gbọdọ̀ mú ojú kúrò lára ìgbì yẹn. Mo wo apá òsì. Mo wo kọ̀ǹpútà. Mo tún wo apá òsì. Ìgbì dé, ó gbé wa sókè, ó sọ̀ wá kalẹ̀, àwòrán ọ́fíìsì mi ya. Etí mi kan wọnú ògiri lọ. Ìgbọ̀nwọ́ bàbá mi sì yọ jáde láàárín àwọn ìwé.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?" ọkùnrin náà bi mí.

Òmùgọ̀ tó bá wà nínú ìṣòro, irọ́ ló kọ́kọ́ máa ń wá. "Kò sẹ́nì kankan."

Ìgbọ̀nwọ́ yẹn yún ara ẹ̀, ó wọlé padà.

"Jọ̀wọ́, yọ àwòrán ẹ̀yìn rẹ kúrò, kó o sì yí kámẹ́rà ká fún wa."

Mo yọ ọ́. Mo yí i. Wọ́n rí òkun. Wọ́n rí agbọ̀n, okùn, agolo tá a fi ń gbọ́n omi. Wọ́n rí àgbàlagbà ọkùnrin tí kò wọ ṣẹ́ẹ̀tì, tó di ọ̀pá mú, tó ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo ẹja tí kò mọ orúkọ ẹ̀.

"Bàbá mi ni," mo ní. "Ó kàn bá mi di ọkọ̀ mú ni."

"O ní kò sẹ́nì kankan," obìnrin náà wí.

"Ṣé òun ló ń sọ ìdáhùn fún ọ?" ọkùnrin náà bi mí. "O ò sọ̀rọ̀ láti ìgbà yìí. Ò ń wo ẹ̀gbẹ́ ṣáá."

Ẹ̀rín pa mí. Bàbá mi ò lè ka orúkọ ara ẹ̀ tó wà lára ọkọ̀.

"Kí ni wọ́n ń wí?" bàbá mi bi mí.

"Wọ́n ní ṣé ẹ̀yin lẹ ń sọ ìdáhùn fún mi."

Ó wo àwọn méjèèjì lójú kọ̀ǹpútà. Ó wo èmi àti kóòtù mi. Ó wá wo ọwọ́ ọ̀tún ara ẹ̀ tó wà lára ọ̀pá, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì bàbá mi ò pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó máa ń sọ fáwọn ológun ojú omi tí wọ́n bá dá a dúró, ó mọ̀ ọ́n sọ dáadáa. Ó tẹ̀ síwájú, ó gbé ẹnu sún mọ́ láptọ́ọ̀pù.

"Yẹ́ẹ̀sì," ó ní. "Yẹ́ẹ̀sì, sà."

"Bàbá!"

"Àwàdà ni," ó ní. Kò rẹ́rìn-ín.

Ìgbà yẹn ni ẹnu mi tó wá ṣí. Ọ̀rọ̀ tú jáde bí ẹja tó ya àwọ̀n: ọ̀pá, ewéko, ọlọ́kọ̀ èrò, ìdí àjẹ̀, pé bàbá mi ò kàwé, pé kóòdù náà tèmi ni, kí wọ́n bi mí ní ohunkóhun nípa ẹ̀. Wọn ò bi mí. Obìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Obìnrin náà tún dúpẹ́. Òyìnbó tó bá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ láàárín ìṣẹ́jú kan báyẹn, ó ti sin ẹ́ tán, yẹ̀pẹ̀ ló ń bù.

Kóòdù yẹn ṣiṣẹ́ o. Mo dán an wò nígbà tá à ń padà lọ sílé. Ó rí ọ̀nà tó kúrú jù láìṣì í rárá. Bàbá mi ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì.

Òjò ò tíì dá tán tí ìwé wọn fi dé. Wọ́n kọ ọ́ bí ẹni tó ń fi òwú nu ojú ọgbẹ́: pé mo ní ẹ̀bùn, ṣùgbọ́n kò dá àwọn lójú pé èmi ni mo ṣe iṣẹ́ náà fúnra mi. Mo rìn lórí pákó lọ bá bàbá mi níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe. Mo ka ìwé náà fún un, mo ń túmọ̀ ẹ̀ bí mo ṣe ń kà á.

"Bàbá, ẹ ti pa mí."

"O ò kú. Ò ń mí."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn?"

Ó gbé abẹ́rẹ́ àwọ̀n sílẹ̀. Ó gbìyànjú láti na apá ọ̀tún sókè níṣojú mi. Nígbà tó dé ọgbọọgba àyà, ó dúró. Ó ń gbọ̀n.

"Ibí ló ń parí sí báyìí," ó ní. "Ta ló máa bá mi fa àwọ̀n? Kọ̀ǹpútà?"

"Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fáwọn ẹ̀gbọ́n mi."

"Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ gbọ́n. Wọ́n lọ nígbà tí apá mi ṣì dáa. Ìwọ lo pẹ́."

Mo wo apá yẹn bó ṣe ń gbọ̀n, mo rí i lójú ẹ̀ pé ó ń dùn ún gan-an. Inú mi dùn sí i. Mo dúró wò ó títí tó fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mi ò sì sọ pé pẹ̀lẹ́.

Ó tún mú abẹ́rẹ́. "Ká ní o sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ní kó o sọ, ta ló máa bi mí ní nǹkan kan? Ta ló ní kó o dákẹ́?"

"Ẹ̀yin ni! Ẹ̀yin lẹ fi àjẹ̀ gbá mi lórí!"

"Òfin iṣẹ́ tèmi nìyẹn. Tìrẹ ni mo bá ọ ṣe lọ́jọ́ yẹn." Ó fi eyín já òwú. "Èmi kọ́ ni mo pa ẹnu rẹ dé."

  Kí èèyàn bá bàbá ẹ̀ jà, kó tún jẹ́ pé bàbá yẹn ló jàre, ẹ má tọrọ irú ẹ̀.

Màmá mi ní tiẹ̀ ò gbà. Mo ní ó ti bàjẹ́. Ó ní kò bàjẹ́. Ó ní òun ti jẹ́rìí, ìjọ ti ṣe àmín, ta ló ń gba àmín padà lọ́wọ́ èèyàn? Ó wọ yàrá lọ, ó pẹ́ níbẹ̀, ó jáde pẹ̀lú ojú tó ti wú àti ìtàn tuntun.

"Mo gbọ́ pé àwọn iléeṣẹ́ ńlá yẹn, wọ́n máa ń jẹ́ kí èèyàn ṣiṣẹ́ láti ilé."

"Màámi."

"Ó ń ṣiṣẹ́ láti ilé. Ohun tí mo máa sọ fún wọn nìyẹn. Ẹni tó bá bi ọ́, ohun tí ìwọ náà máa sọ nìyẹn."

Ó sì sọ ọ́ fún wọn, láti ilé dé ilé. Àwọn ará etí omi wa kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n ní kú oríire, wọ́n wá dúró dè mí lójú omi.

Wọn ò dúró pẹ́. Òjò dá, mo wọ ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, okùn bó mi lọ́wọ́ débi pé mi ò lè di ṣíbí mú. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tá à ń dúró kí omi rọlẹ̀ ká tó ju àwọ̀n, ọkọ̀ èrò tó ń ti Ìgbọ́kọ̀dá bọ̀ dín eré kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó kún fún àwọn obìnrin tó mọ̀ mí láti kékeré.

"Ẹnjiníà! Ẹ kú iṣẹ́ o!"

"Ṣé ọ́fíìsì yín nìyí, sà? Ó mà fẹ́ o!"

"Ẹ gba ọmọ tèmi náà síbẹ̀ o, ó mọ omi gbọ́n!"

"Ẹ wo kóòtù ẹ̀ lónìí! Ihò ló pọ̀ jù níbẹ̀!"

Síńgílẹ́ẹ̀tì ni mo wọ̀. Bàbá mi ò yíjú padà. Ó gbé ọwọ́ kan sókè sí wọn bíi gétìmáànù tó ń lé àlejò.

"Ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀," ó ní. "Ó wà ní mítìn."

Ẹ̀rín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú ọkọ̀ wọn dé. Mo ń gbọ́ ọ títí wọ́n fi yà sẹ́yìn igi. Nígbà tó wá dákẹ́, bàbá mi na okùn àwọ̀n sí mi láìwò mí. Ọwọ́ òsì ló fi nà án. Mo gbà á.